Àsíá Tí Wọn Ò Wá Ká

Rárá o, wọn ò gbàgbé wọn síbẹ̀. Ta ló máa gbàgbé àsíá méje sára ògiri, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó aṣọ ìbora? Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ìwé Osterlund ló máa ń béèrè ohun tẹ́ ẹ béèrè yẹn: ilé-ìwé méje yìí ò bá Osterlund ṣeré mọ́, kí wá ni àsíá wọn ń ṣe lókè yẹn? Ẹ fìdí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ Leona Matuszak nìyẹn, ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n fojú ẹ̀ rí lọ́dún tí Ẹgbẹ́ Kúárì, ẹgbẹ́ tí àwọn ilé-ìwé yìí ti jọ ń díje, fọ́.

Ẹ lè má mọ̀ ọ́n lójú. Obìnrin kúkúrú ni, ó sanra níwọ̀nba, okùn ló fi so gíláàsì ojú ẹ̀ kọ́ ọrùn, abẹ́rẹ́ olórí kì í sì wọ́n lára kọ́là ẹ̀, kódà tó bá ń lọ gba ara Olúwa. Kì í ṣe tíṣà, kì í ṣe kóòṣì, kò gbá bọ́ọ̀lù kankan rí láyé ẹ̀. Ọ́fíìsì oníṣègùn eyín kan ní Brannock ló ti ń gbé fóònù títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ohùn ẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé eyín ẹlòmíì á ti rọlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọmọ Brannock ni, ilé ọkọ ẹ̀ sì wà ní Osterlund. Níbí, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ojú irin kan péré ló la àárín ìlú méjèèjì, àmọ́ tó bá di ọjọ́ tí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n kì í kí àbúrò. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, gbogbo ẹbí Rollie ọkọ ẹ̀ ló so táì aláwọ̀ irin tó dógùn-ún, torí àwọ̀ Osterlund nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ìyọ́rin ló bọ́ ìlú yẹn nígbà náà. Ìyá ọkọ ẹ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Ọmọ Brannock, a ti gbà ẹ́, kò sóhun tá a lè ṣe sí i mọ́. Ṣó o mọ aṣọ rán?” Bí iṣẹ́ àsíá ṣe bọ́ sọ́wọ́ Leona nìyẹn.

Torí ìyá yẹn ló ń rán àsíá Ẹgbẹ́ Kúárì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé márùn-ún ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ogun ńlá, gbogbo wọn wà lójú ọ̀nà kan náà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà kó òkúta funfun láti kúárì lọ sí ìlú ńlá Milwaukee. Àdéhùn wọn ò ju pé àwọn ni wọ́n á máa bá ara wọn díje: bọ́ọ̀lù alákoto tí wọ́n ti ń kọ lu ara wọn nígbà tí ewé bá ń wọ́, alápẹ̀rẹ̀ nígbà òtútù, eré sísá nígbà tí yìnyín bá yọ́. Nígbà tó yá, oko àgbàdo di ilé, àwọn olówó kó wá láti àárín ìlú, Fairmead kọ́ ilé-ìwé tó dà bíi pápá ọkọ̀ òfuurufú, òun náà wọlé, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Nínú gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé àsíá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kọ́, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tiẹ̀, pẹ̀lú òòlù kékeré kan ní igun nítorí kúárì. Bẹ́ ẹ bá wá gbá bọ́ọ̀lù nílé ọ̀tá yín, ẹ máa rí àsíá yín lára ògiri ẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ̀yin náà lẹ nílé.

Òfin kan sì wà tí gbogbo ayé mọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò kọ ọ́ síbì kankan. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ kúrò lẹ́gbẹ́, àwọn fúnra wọn ló máa lọ káàkiri gbọ̀ngàn, wọ́n á gun àkàbà níṣojú gbogbo èèyàn, wọ́n á ká àsíá wọn, wọ́n á wá jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè fún wọn. Nígbà tí Tolland lọ torí ọ̀nà tó jìn, pírínsípà wọn fúnra ẹ̀ ló gun àkàbà ní Osterlund. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àsíá lápá, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu ẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ó fi dé ìdí ọkọ̀. Ká wí ká fọ̀, ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹni tó ń lọ, kó wo ojú ẹni tó ń fi sílẹ̀.

Bernadine, ẹ̀gbọ́n Rollie, ló máa ń se oúnjẹ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Osterlund. Òun ló ni fèrèsé tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ nínú gbọ̀ngàn. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, tó bá bú rẹfirí láti ìdí ìkòkò kọfí, rẹfirí á gbọ́. “Ìyàwó wa” ló ń pe Leona láti ọjọ́ ìgbéyàwó, kò yí i padà lọ́jọ́ kan. Nígbà tí Rollie kú, àwọn méjèèjì ló wá ṣẹ́ kù fún ara wọn. Gbogbo Fúráìdè, ẹ lọ wò wọ́n nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja díndín, nídìí tábìlì kan náà, wọ́n ń já ànàmọ́ gbà lọ́wọ́ ara wọn.

Ilé iṣẹ́ ìyọ́rin ti kógbá wọlé nígbà yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi Osterlund sílẹ̀, ọmọ ilé-ìwé ń dín kù, wọ́n sì ń pàdánù gbogbo ìdíje. Ó wá di ìrọ́lẹ́ Fúráìdè kan, Bernadine ju fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

“Ìyàwó wa, wọ́n ní wọ́n fẹ́ lé wa nínú Ẹgbẹ́ Kúárì.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹni tó ń ṣe irun mi.”

“Ẹni tó ń ṣe irun ẹ yìí náà ló ní ayé máa parẹ́ lọ́dún tó kọjá.”

“Ṣé kò parẹ́ ni? Wo irun mi.”

Leona rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi já bọ́ láti imú ẹ̀, àmọ́ ó rí i pé Bernadine ò bá òun rẹ́rìn-ín. Ó bá pe Denny Vierling tó ń jẹ ẹja tiẹ̀ ní tábìlì kejì.

Ẹ gbọ́ ẹni tí Denny jẹ́. Òun ni ọ̀gá eré ìdárayá ní ilé-ìwé Brannock, èèyàn gíga onírun pupa, tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn. Leona ló gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìrìbọmi ẹ̀, torí ọ̀rẹ́ òun àti màmá ẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu lásán. Leona ò bímọ. Nígbà tí màmá Denny ṣaláìsí, ibi ìdáná Leona ló ti ń jẹun, ó sì ní abọ́ tiẹ̀ níbẹ̀, abọ́ búlúù kan tí etí ẹ̀ ti sán. Ọmọ ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn ẹ̀.

“Àǹtí Lee, Àǹtí Bernie, ẹ kú ìrọ́lẹ́ o. Ẹja yín ń tutù.”

“Fi ẹja sílẹ̀ jàre,” ni Leona wí. “Ṣé òótọ́ ni pé ẹ fẹ́ lé Osterlund?”

Denny nu ọbẹ̀ funfun tí wọ́n fi ń jẹ ẹja kúrò lẹ́nu. “Lé Osterlund? Àǹtí Lee, kò síbi tí lílé wà nínú òfin ẹgbẹ́ wa. Kò sẹ́ni tó lè lé ilé-ìwé kankan. Mo fi orúkọ màmá mi búra.”

“Má fi orúkọ màmá ẹ ṣeré o. Èmi ni mo gbé ẹ níbi ìrìbọmi, o sì tọ̀ sí mi lára.”

“Àǹtí Lee! Níwájú gbogbo èèyàn!”

Tábìlì méjì ló pa ẹ̀rín. Leona wá yíjú sí Bernadine, ó ní, “Ṣó o gbọ́? Ohun tí ọmọ mi bá sọ, èmi ni mo sọ ọ́. Bí Brannock bá fi yín sílẹ̀, èmi ni kó o wá bi.”

Bernadine mú fọ́ọ̀kì ẹ̀ padà. “Mo ti gbọ́. Màá bi ẹ́ o.”

Yìnyín àkọ́kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nígbà tí Denny gbé àpò aṣọ wá sílé Leona. Ó ní àwọn àsíá àtijọ́ ti ṣá, ẹgbẹ́ fẹ́ ti tuntun, kó kọ́kọ́ rán ẹyọ kan fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan fún àfihàn, ti àwọn gbọ̀ngàn yòókù á tẹ̀ lé e. Ó mú àwòrán kan jáde. Dípò òòlù, igi páìnì ló wà ní igun.

“Òòlù wa ńkọ́?”

“Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ohun tó ń jẹ́ kúárì, Àǹtí Lee. Ibẹ̀ ti di adágún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀.”

Ó dun Leona díẹ̀, àmọ́ òun náà mọ̀ pé adágún ni lóòótọ́. Ó tú àwọn aṣọ sórí tábìlì: búlúù Brannock, pupa Fairmead, wúrà, ewé, àlùkò... Ó yẹ̀ wọ́n wò léraléra. “Ti Osterlund dà?”

“Àwọ̀ tiwọn ti tán ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá ti dé, màá gbé e wá.” Ó bu ọbẹ̀ sínú abọ́ búlúù ẹ̀, ó lá a mọ́, ó tún bu òmíràn. Nígbà tó ń lọ, ó fẹnu ko Leona níwájú orí.

Ẹ ò rí bó ṣe rán àwọn igi yẹn! Ewé páìnì bí abẹ́rẹ́ abẹ́rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló fọwọ́ ṣe wọ́n, oríṣi òwú aláwọ̀ ewé mẹ́ta ló lò. Tó bá rán ìṣẹ́tí, ó máa ń dá abẹ́rẹ́ padà lẹ́ẹ̀mejì ní igun bí ìyá ọkọ ẹ̀ ṣe kọ́ ọ, kó má bàa tú láéláé. Bernadine wá kí i lọ́jọ́ kan, ó bá a lẹ́nu iṣẹ́.

“Wọ́n mà rẹwà o. Tiwa dà?”

“Denny ní àwọ̀ yín ti tán ní ṣọ́ọ̀bù.”

“Àwọ̀ irin tó dógùn-ún ló tán? Nílùú yìí? Kó wá ha á lára mọ́tò mi!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Leona po kọfí. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń dùn ún jù.

Ọjọ́ àfihàn, Denny pe Leona lórí fóònù láàárọ̀. “Àǹtí Lee, ọ̀nà Fairmead ń yọ̀ gan-an ni. Ẹ jókòó sílé, màá ya fọ́tò wá fún yín.” Inú Leona dùn pé ọmọ òun ń ṣàánú òun. Àmọ́ ta ló máa rán aṣọ tí kò ní fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣí i? Ó wọ bàtà yìnyín ẹ̀, ó sì fi mọ́tò ara ẹ̀ lọ gbé Bernadine. Bernadine ti wọ súwẹ́tà Osterlund ẹ̀ tó gbámúṣé, ó fi ìkunra sétè. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: Leona fọwọ́ ara ẹ̀ wà á débẹ̀.

Gbọ̀ngàn Fairmead kún fọ́fọ́. Aṣọ funfun ńlá kan bo ògiri. Denny ló di gbohùngbohùn mú. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọjọ́ iwájú àti nípa ilé-ìwé tí apá wọn dọ́gba. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ káàbọ̀ síbi ìbí Ẹgbẹ́ Igi Páìnì.” Wọ́n fa aṣọ funfun bọ́.

Méje.

Leona ṣì ń wá ìkẹjọ lójú ògiri, ó rò pé bóyá wọ́n gbé àsíá Osterlund àtijọ́ kọ́ sẹ́yìn òpó. Bernadine ò wá nǹkan kan. Ó tẹjú mọ́ igun àsíá tó sún mọ́ wọn jù, níbi tí abẹ́rẹ́ ti padà lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn ń pàtẹ́wọ́ káàkiri.

“Àwọ̀ wa ò tíì dé ṣọ́ọ̀bù, àbí?” ni Bernadine wí.

“Bernie, mi ò...”

“Gbé mi lọ sílé.”

“Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí Denny.”

“Rí ọmọ ẹ. Màá wá ẹni tó máa gbé mi.” Ó bá jáde, súwẹ́tà ẹ̀ nìkan ló ní irú àwọ̀ yẹn nínú gbogbo gbọ̀ngàn.

Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́ ni Leona ti bá Denny. Nígbà tí Denny rí i, ojú tì í.

“Denny, o fi orúkọ màmá ẹ búra.”

“Àǹtí Lee, mi ò parọ́. Mo ní kò sẹ́ni tó lè lé Osterlund. A ò lé wọn. Àwa la jáde.”

“Ẹ̀yin méje jáde, ẹ fi ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú ilé, ẹ wá lọ kọ́ irú ilé kan náà sí ẹ̀yìnkùlé.”

“Ẹ gbọ́ tèmi ná. Àwọn òbí ò jẹ́ n sinmi lọ́fíìsì. Ọmọ Osterlund ò tó ẹni tí wọ́n máa fi gbá bọ́ọ̀lù alákoto mọ́. Àwọn kéékèèké ni wọ́n ń kó jáde, àwọn tiwa ń ṣe wọ́n léṣe. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?”

Leona mọ̀ pé ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn jóòótọ́. Ìyẹn ò tu ọkàn ẹ̀ lára. “Kó o sọ fún wa. Kó o wo ojú Bernie lọ́jọ́ tó bi ẹ́, kó o sọ ọ́.”

“Mi ò fẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́ ni.”

“Àsíá lo fẹ́.”

Denny yíjú sí àwọn kóòtù. Ó ń fi bọ́tìnì kóòtù ẹnìkan ṣeré.

“Ó dáa,” ni Leona wí. “Ọjọ́ wo lo máa lọ ká tiwa ní Osterlund?”

“Ah, Àǹtí Lee, ta ló tún ń ṣe ìyẹn láyé yìí? Ẹni tó ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn wọn á kó gbogbo ẹ̀ sínú páálí.”

Bernadine ò gbé fóònù lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ Fúráìdè, ó wá jẹ ẹja, àmọ́ àárín àwọn ará Osterlund ló jókòó sí. Nínú ìlú tiwa yìí, gbogbo ẹnu ló ń sọ ọ́: Leona mọ̀, àbí kí ló dé tó fi rán méje? Leona fẹ́ dúró láàárín ibi ẹja díndín kó pariwo pé òun ò mọ̀. Kí ló máa wá sọ tẹ̀ lé e? Pé ọmọ òun ló tan òun jẹ?

Ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó gbẹ̀yìn lọ́dún yẹn ní Osterlund, Brannock ni wọ́n jọ gbá a. Leona lọ. Lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, kò sí lápá ti Brannock, kò sí lápá ti Osterlund. Bernadine ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Tábìlì gígùn ti wà lábẹ́ ògiri pẹ̀lú aṣọ mímọ́, hámù nínú búrẹ́dì, kéèkì tí wọ́n gé ní igun mẹ́rin, ìkòkò kọfí méjì. Àkàbà ti wà lára ògiri. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ máa rò pé àlejò pàtàkì ń bọ̀.

Bọ́ọ̀lù parí. Brannock nà wọ́n nínà tí kò ṣeé sọ. Kóòṣì Brannock wo àkàbà, ó wo bàtà ara ẹ̀, ó da àwọn ọmọ sínú bọ́ọ̀sì. Denny? Wọ́n ní ó nípàdé. Nínú ilé-ìwé mẹ́fà tó kù, kò sí ẹnìkan tó yọjú. Àwọn ará Osterlund ò sì lọ sílé. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. Kọfí tutù.

Níkẹyìn, pírínsípà Osterlund, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pẹ́ níbẹ̀, wá bá Leona. “Màmá, Brannock lẹ ti wá. Ẹ bá wọn ká a, ká lè lọ sùn.”

Leona dìde. Ó fẹsẹ̀ kan lé àkàbà. Ó gbójú sókè wo búlúù Brannock, èyí tí òun fúnra ẹ̀ rán nígbà tí Rollie ṣì wà láyé, pẹ̀lú òòlù ní igun. Ló bá gbẹ́sẹ̀ kúrò.

“Èmi kọ́ ni mò ń lọ,” ló wí fún pírínsípà. “Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀ títí ẹni tó ni lílọ á fi wá.”

Ó yíjú, Bernadine ló dúró lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù.

“Mo ní màá bi ẹ́,” ni Bernadine wí. “Ṣó o mọ̀?”

“Ìgbà tó o mọ̀ ni mo mọ̀.”

“Ojú abẹ́rẹ́ ẹ ni mo rí níbẹ̀, Leona. Ìyá mi ló kọ́ ẹ.”

“Mo mọ̀.”

Leona. Kò pè é ní ìyàwó wa. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bernadine máa fi orúkọ pè é, ó sì dùn ún bí ẹni tí wọ́n tì jáde nílé ọkọ. Bernadine ti abọ́ kan sí i lọ́wọ́, hámù àti búrẹ́dì. “Jẹun. Oúnjẹ ẹni tó ń lọ ni, àmọ́ kò sẹ́lòmíràn tó máa jẹ ẹ́.” Wọ́n jókòó sídìí tábìlì gígùn yẹn, àga mẹ́ta ló wà láàárín wọn, wọ́n ń jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà di òní. Lọ́jọ́ Fúráìdè, Bernadine máa ń mi orí sí i láti tábìlì tiẹ̀. Ó máa ń ṣe bí ẹni fẹ́ dìde, á tún jókòó. Leona sì máa ń fi àga kan sílẹ̀ lófìfo níwájú ara ẹ̀.

Nígbà tí yìnyín ti yọ́ tán lọ́dún yẹn, tí òdòdó yẹ́lò ti gba gbogbo iwájú ilé, Denny wá. Àpò aṣọ tó gbé wá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Leona ò ṣí ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì, ó kàn dúró sẹ́yìn ẹ̀. Òórùn ọbẹ̀ adìyẹ àti nudùlù ń bọ̀ láti inú ilé.

“Àǹtí Lee, a nílò ti àwọn gbọ̀ngàn yòókù kó tó di ìwọ́wé. Mo gbé e fún ẹlòmíì, igi tó rán dà bí ìgbálẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n ṣe.” Ó sọ àpò náà kalẹ̀. “Ẹ ṣáà mọ̀ pé mi ò níyàá mìíràn.”

Omi lé ròrò sójú Leona, kò jẹ́ kó já bọ́. Ó jẹ́ kí nẹ́ẹ̀tì ilẹ̀kùn yẹn wà láàárín àwọn méjèèjì, ó ní:

“Ọbẹ̀ wà lórí iná, Denny, abọ́ ẹ sì wà níbi tó máa ń wà. Àmọ́ Osterlund ni kó o kọ́kọ́ lọ. Bernie ní àkàbà. Tó o bá ti ká àsíá ẹ lójú ẹ̀, tó o sì ti jẹ oúnjẹ tó bá gbé fún ẹ, kó o wá kan ilẹ̀kùn.”